Ogun Bọ́mà àti àwọn ṣọ́jà wa: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ja ogun yìí kò pọ̀ láyé mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń ṣí àpótí báyìí, tí wọ́n ń bá ìràwọ̀ idẹ àti fọ́tò àtijọ́ níbẹ̀, tí wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Èyí tí wọ́n ń béèrè jù ni a kó jọ síbí. Bí ẹ ti ń kà á, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa fi sọ́kàn: kì í ṣe ibi tí ìbọn ti ń dún nìkan ni àwọn ọkùnrin yìí ti fara wọn rúbọ. Ẹrù tí wọ́n rù wà ńbẹ̀, àìsàn tí wọ́n gbé bọ̀ wà ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n lò nílé láìrí ẹni bi wọ́n pé kí lojú yín rí.

Ogun wo là ń pè ní ogun Bọ́mà?

Apá kan nínú ogun àgbáyé kejì ni, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 tó sì parí ní 1945. Bọ́mà ni orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Myanmar lónìí, tó bá India pààlà. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà kí àwọn Jàpáànì tó gbà á ní 1942. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà á padà, ó kó ènìyàn jọ láti àwọn ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia wà lára wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo ni wọ́n kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, Royal West African Frontier Force. Àwọn tó dé Éṣíà nínú wọn lé ní 90,000.

Kó tó di Bọ́mà rárá, àwọn ọmọ Nàìjíríà ti kọ́kọ́ bá àwọn Ítálì jà ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Àwọn ló wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n sì ti wọ Harar ní Ethiopia kí oṣù kẹta tó parí.

Ṣé tipátipá ni wọ́n fi mú wọn wọṣẹ́ ológun?

Ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé tí kò ríṣẹ́, ẹni tí aṣọ kákí wù, ẹni tó gbọ́ pé owó oṣù dájú. Ìjọba ń lẹ ìwé ìpolówó káàkiri, ọkọ̀ sinimá ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ní bí Hítílà bá borí, ẹrú ni yóò fi gbogbo wa ṣe. Ní ibòmíràn, ọba tàbí baálẹ̀ ni wọ́n ní kó mú iye ènìyàn báyìí wá. Irú ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Hítílà ni wọ́n ní kí wọ́n wá bá jà. Jàpáànì ni wọ́n bá pàdé, nínú igbó tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ṣé àwọn Yorùbá wà nínú wọn dáadáa?

Wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní èrò pé àwọn ará òkè ọya ló mọ ogun jà, nítorí náà àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ìbọn, èdè Haúsá ló sì gbòde ní báráàkì. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìwé díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi sídìí ọkọ̀ wíwà, iṣẹ́ akọ̀wé, títún ẹ̀rọ ṣe, fífi wáyà ránṣẹ́, tàbí ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn fojú tín-ín-rín bàbá yín. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ọta ìbọn kì í béèrè bóyá nọ́ọ̀sì ni ọ́ tàbí dírẹ́bà.

Báwo ni wọ́n ṣe dé Bọ́mà?

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn lọ sí India, ìrìn ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, tí ọkọ̀ púpọ̀ ń rìn pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì. Dífíṣọ̀n 81, ìpín ńlá kan nínú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1943, bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí India ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Dífíṣọ̀n 82 tẹ̀ lé wọn ní 1944.

Kí lojú wọn rí nínú igbó náà?

Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ni Arakan, ní ìwọ̀ oòrùn Bọ́mà, níbi tí òkè àti odò ti gba ilẹ̀ kan. Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n rán Dífíṣọ̀n 81 sí, kò sì sí ọ̀nà ọkọ̀ tó débẹ̀. Àwọn ṣọ́jà náà ló fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà kan gba orí òkè kọjá, tó gùn ju máìlì 70 lọ, pẹ̀lú àdá, ṣọ́bìrì àti dígà, láàárín ìparí ọdún 1943 àti oṣù kìíní ọdún 1944. Ọ̀nà West African Way ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì tán, ọkọ̀ òfúrufú nìkan ni oúnjẹ, oògùn àti ọta ìbọn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n ń fi páráṣúùtù jù ú sílẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo òkè, ebi ni. Bí ẹrù bá já sọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá, ó di tiwọn.

Òjò ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá ni yóò máa rọ̀, ihò tí ṣọ́jà gbẹ́ láti sá pamọ́ sí yóò kún fómi, aṣọ kì í gbẹ, ẹsẹ̀ á máa jẹrà nínú bàtà. Eṣúṣú ń gba inú okùn bàtà wọlé. Ibà ló wá burú jù. Ọ̀gágun Slim, tó jẹ́ olórí Fourteenth Army, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń jagun níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní 1943, fún ẹnì kan tí ọgbẹ́ gbé lọ sílé ìwòsàn, 120 ni àìsàn gbé lọ. Oògùn ibà kan tó ń jẹ́ mepacrine ni wọ́n ń fún wọn lójoojúmọ́, oògùn tó korò tó sì máa ń sọ awọ ara àti ẹyinjú di pupa rúsúrúsú. Ọ̀gá yóò dúró tì ọ́ títí wàá fi gbé e mì.

Àwọn Jàpáànì náà mọ igbó jà. Òru ni wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì lè dákẹ́ sójú kan fún wákàtí púpọ̀ títí ẹnì kan yóò fi gbin tàbí húkọ́. Nítorí náà ẹni tó bá wà lórí ṣọ́ lóru kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ tan iná sìgá, kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ohun tí kò dá lójú, torí iná ẹnu ìbọn yóò fi ibi tó wà hàn. Ọ̀pọ̀ òru irú èyí ni wọ́n lò. Nígbà tí bàbá kan bá sì ta gìrì lójú oorun ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti bá a wá.

Bírígéèdì kẹta ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tún wà lọ́tọ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni ó kúnnú rẹ̀: bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12. Àwọn Chindit ni wọ́n pín wọn mọ́, ìyẹn àwọn tí ọkọ̀ òfúrufú gbé lọ já sẹ́yìn ọ̀tá ní 1944 kí wọ́n lè gé ọ̀nà rélùwéè àwọn Jàpáànì. Wọ́n wà lára àwọn tó di ibùdó White City mú nígbà tí ọ̀tá ń rọ́ lù ú ní òròòru.

Àwọn tó ń ru ẹrù ńkọ́? Ṣé a lè pè wọ́n ní ṣọ́jà?

Ṣọ́jà ni wọ́n. Wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n wọ kákí, wọ́n sì kú. Níbi tí mọ́tò kò lè dé, orí ènìyàn ló ń gbé bọ́ǹbù, rédíò, oúnjẹ, àti ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ẹni tó ń ru ẹrù lókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti há. Kò lè tètè dọ̀bálẹ̀ bí ìbọn bá dún.

Àwọn ọ̀gá ogun fúnra wọn mọ iyì wọn. Àmì tí Dífíṣọ̀n 82 ń rán mọ́ apá aṣọ ni òṣùká tí ọ̀kọ̀ méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀, láti sọ pé àwọn aláàárù ló gbé ogun àwọn dúró. Aláǹtakùn ni ti Dífíṣọ̀n 81, Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast, tó wà ní ipò tí Ìjàpá wà nínú àlọ́ tiwa. Bí ẹ bá rí fọ́tò bàbá yín tó wọ aṣọ ogun, ẹ wo apá rẹ̀ dáadáa. Àmì yẹn yóò sọ dífíṣọ̀n tó bá lọ fún yín.

Ta ni Isaac Fadoyebo tí orúkọ rẹ̀ máa ń jẹ yọ?

Ọmọ Ẹmúrè-Ilé ni, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà létí odò Kaladan nígbà tí àwọn Jàpáànì ṣíná ìbọn bò wọ́n. Ìbọn fọ́ eegun itan rẹ̀, òmíràn bà á níkùn. Àwọn tó lè sá sá. Àwọn tó kù ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, òun àti sájẹ́ǹtì kan láti Sierra Leone, David Kagbo, nìkan ló ṣẹ́kù láàyè níbẹ̀. Kò lè dìde.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ló ń yọ́ gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, lára àwọn tí ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Fadoyebo, ọmọ ìjọ Kírísítì, fi ara rẹ̀ pe Mùsùlùmí kí wọ́n má baà kẹ̀yìn sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di ikú, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀ bó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn Jàpáànì bá rí wọn, òun, ìyàwó àti ọmọ òun ló máa lọ sí i. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní ìparí ọdún 1944.

Fadoyebo padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ìtàn ogun Bọ́mà tó ti ẹnu ọmọ Áfíríkà jáde. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé Shuyiman. Bàbá náà ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọpẹ́ tó wà nínú lẹ́tà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo dolóògbé. Mo ti ka ìtàn ogun púpọ̀. Èyí tí ọkùnrin kan ti fi ilé ara rẹ̀ wewu nítorí àlejò tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, èmi kò tíì rí irú rẹ̀ púpọ̀.

Wọ́n ní orúkọ ogun yìí wà ní àdúgbò wa. Níbo?

Ní ẹnu ọ̀nà báráàkì. Dodan Barracks ní Ìkòyí, níbi tí àwọn ọ̀gágun ti ṣàkóso Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí wọ́n ti jagun ní Arakan ni wọ́n fi sọ ọ́. Arakan Barracks ní Àpápá, ẹ ti mọ ìyẹn báyìí. Myhoung Barracks ní Yábàá: Myohaung, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbà ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1945, ni wọ́n ń sọ. Letmauk Barracks ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, Bọ́mà ni orúkọ náà ti wá. Chindit Barracks wà ní Zaria. Abalti ní Sùúrùlérè àti Marda ní Yábàá, ogun àwọn Ítálì ní Ethiopia ní 1941 ni wọ́n ń rántí.

Ojoojúmọ́ ni àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ń pe àwọn orúkọ yìí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lẹ́bàá wọn yẹ kó mọ ẹni tó kú níbẹ̀, kò sì ná ìjọba ju pátákó kan lọ.

Ṣé owó àti ipò wọn bá ti àwọn aláwọ̀ funfun dọ́gba?

Rárá. Owó oṣù wọn kéré sí ti aláwọ̀ funfun tó wà ní ipò kan náà. Ní ti ipò, àwọn òyìnbó ni ọ́fíṣà, ọmọ Áfíríkà lè di sájẹ́ǹtì tàbí sájẹ́ǹtì-méjọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọjá ibẹ̀. Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, ni ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ́fíṣà, ní 1942. Ogun ti parí kí Nàìjíríà tó rí tirẹ̀: 1948 ni L. V. Ugboma gba ipò náà.

Síbẹ̀ ogun yẹn là wọ́n lójú. Wọ́n rí òyìnbó tó ń sunkún, wọ́n rí òyìnbó tó ń sá, wọ́n rí àwọn ọmọ India tó ń sọ gbangba pé kí Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ àwọn sílẹ̀. Ẹni tó ti rí ìyẹn kò ní padà wálé wá máa wárìrì níwájú ajẹ́lẹ̀.

Kí ni wọ́n bá nílé nígbà tí wọ́n dé?

Àwọn kan bá ìyàwó tó ti lọ́kọ. Àwọn kan bá òkú bàbá tí wọ́n ti sin. Wọ́n gba owó díẹ̀ àti ìwé ìyọ̀ǹda, wọ́n sì gbọ́ ìlérí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kò rí. Ẹni tó ti kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ ńlá tàbí bí a ti ń tún rédíò ṣe lè tètè rí nǹkan dì mú. Ẹni tó jẹ́ pé ìbọn àti ẹrù nìkan ló mọ̀, oko ló padà sí.

Ní Gold Coast, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn ṣọ́jà tó ti ogun dé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Accra, wọ́n ń mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún gómìnà nípa owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Wọn kò gbé ìbọn. Ọlọ́pàá òyìnbó kan yìnbọn, mẹ́ta nínú wọn sì kú: Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrù Attipoe àti Odartey Lamptey. Ìgboro dàrú, ìbínú ọjọ́ yẹn sì wà lára ohun tó ti Gánà dé òmìnira ní 1957. Ẹni tí Jàpáànì kò rí pa, Gẹ̀ẹ́sì tó jà fún ló pa á.

Kí ló dé tí bàbá wa kì í fi í sọ̀rọ̀ ogun náà?

Ìdí pọ̀. Wọ́n ti pa ènìyàn, ẹni tó ti pa ènìyàn kì í fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ nínú igbó láìsin ín, èyí sì jẹ́ ẹ̀gbin ńlá nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ sọ, ta ni yóò yé? Lẹ́yìn náà ni ogun Biafra dé ní 1967, ó sì bo gbogbo ìtàn ogun àtẹ̀yìnwá mọ́lẹ̀. Ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun wa pàápàá, ọjọ́ 15 oṣù kìíní tí ogun Biafra parí ní 1970 ni wọ́n gbé e sí. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni.

Bí ẹ bá ṣì ní ìyá àgbà tàbí àbúrò bàbá tó gbọ́n nígbà tí bàbá náà dé, ẹ má bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ lójú ogun, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n bó ṣe ń sùn. Ẹ bi wọ́n irú orin tó máa ń kọ, ọ̀rọ̀ Haúsá tó máa ń sọ, oúnjẹ tí kì í fẹ́ rí, àti orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń wá kí i láti ìlú mìíràn.

Mo rí ìràwọ̀ idẹ nínú àpótí bàbá bàbá mi. Kí ni?

Bó bá ní ẹnu mẹ́fà, tí wọ́n kọ àmì orúkọ Ọba George kẹfà sí àárín rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ ogun àgbáyé kejì ni. Wọ́n kọ irú èyí tó jẹ́ sí ara rẹ̀. Burma Star ni ti Bọ́mà: rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, ó sì ní àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Africa Star ni ti àwọn tó ja ogun Ethiopia àti Somalia, rìbọ́ọ̀nù tirẹ̀ dà bí iyanrìn. Èyí tó rí roboto, tí kìnnìún dúró lórí dírágónì, War Medal ni.

Orúkọ ẹni tó ni ín kì í sí lẹ́yìn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò kọ ọ́. Nítorí náà ẹ má yà á kúrò lára ìwé èyíkéyìí tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé owó oṣù àti ìwé ìyọ̀ǹda ṣe pàtàkì ju idẹ náà lọ, torí nọ́ńbà ṣọ́jà wà nínú wọn. Ti ọmọ Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Ẹ má fi kẹ́míkà fọ ìràwọ̀ náà. Ẹ má sì tà á.

Ẹni tiwa kò padà dé. Báwo la ṣe lè wá orúkọ rẹ̀?

Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń bójú tó sàréè àwọn tó kú sógun, ní àkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi orúkọ wá a, kí ẹ sì mú Nigeria Regiment nínú àwọn ẹgbẹ́ ogun. Bí ẹ kò bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tètè jáwọ́. Akọ̀wé báráàkì kọ orúkọ bó ṣe dún sí i létí, ó sì wọ́pọ̀ pé orúkọ ìlú ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ bàbá. Ẹni tó ń jẹ́ Làwàní tó wá láti Ìbàdàn lè di Lawani Ibadan nínú ìwé wọn. Ẹ dán an wò pẹ̀lú orúkọ ìlú, orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti ìjọ, àti oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ lẹ́tà ṣ.

Àwọn tí wọn kò rí òkú wọn, orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial, nínú ibi ìsìnkú Taukkyan lẹ́yìn ìlú Yangon. Òpó òkúta ni, orúkọ bí 27,000 ló wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà àti ọmọ India tó kú, pàápàá nínú ogun àgbáyé kìíní, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò bu ọlá fún bó ti yẹ. Àwọn aláàárù ló pọ̀ jù nínú èyí tí ó kan àwọn ọmọ Áfíríkà.

Ní ilé, National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ń tọ́jú fáìlì ìjọba amúnisìn. Orúkọ ẹkùn tí ìlú yín wà nígbà náà ni kí ẹ fi béèrè, ẹkùn Ọ̀yọ́, Oǹdó tàbí Abẹ́òkúta, kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀ ti òde òní. Bí ẹ bá rí ẹni yín nínú àkọsílẹ̀ àjọ àwọn sàréè, tí wọ́n sì ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, tàbí tí àyè orúkọ òbí rẹ̀ ṣófo, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kún un. Orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti bí a ṣe ń kọ orúkọ náà gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀.